Síìmù Jàmáíkà mi dákú l'Abẹ́òkúta

Abẹ́òkúta tí mò ń sọ kì í ṣe ti Ògùn. Abúlé kan ni lórí òkè Westmoreland ní Jàmáíkà, àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n kó débẹ̀ lẹ́yìn tí oko ẹrú parí ní 1838 ló sọ ọ́ lórúkọ. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni mo lọ. Mo ti ṣèlérí fún màmá mi ní Ìtòkò pé n ó fi ibẹ̀ hàn wọ́n lórí fídíò.

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ lọ́dọ̀ mi, márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Màmá ti wé gèlè, wọ́n ti pe aládùúgbò jọ. (Wọ́n ti sọ fún gbogbo wọn pé Amẹ́ríkà ni mo wà, torí +1 ló ṣíwájú 876, kóòdù fóònù Jàmáíkà.) Ojú wọn yọ, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ibo lo..." Ó tán. Mo gun àpáta, mo na fóònù sókè bí alásọtẹ́lẹ̀. Pàbó! Dátà ọjọ́ méje tí mo rà sì kún dẹ́nu.

Ká sòótọ́, ní Montego Bay àti Negril, níbi tí àlejò ti ń ná dọ́là, nẹ́tíwọ́ọ̀kì iléeṣẹ́ tó ni síìmù náà ń sáré bí iná.

Mo wọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí Savanna-la-Mar, mo já wọ ṣọ́ọ̀bù wọn. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà kò tilẹ̀ mira. Ó ní òkè ló dí máàsì àwọn lójú. Mo ní, ṣé òkè yẹn ò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ gbowó mi? Ó dákẹ́. Mo ní n ó gbé nọ́ńbà mi lọ sí iléeṣẹ́ kejì, wọ́n ti gbà á láyè láti 2015. Ó wo tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tó yọrí nínú báàgì mi.

"Àǹtí, ṣebí ọjọ́ Jímọ̀ lẹ ń lọ?"

Mi ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín.

Ó bi mí ohun tí mo wá lọ sórí òkè. Nígbà tó gbọ́, ó ní ìyá ìyá òun máa ń sọ pé Nágò làwọn, ìyẹn Yorùbá. Ló bá fa àga fún mi, ó ní kí n pe màmá látibẹ̀. Màmá kí i títí, ọmọbìnrin náà ò gbọ́ ẹyọ kan, ó ṣáà ń kúnlẹ̀ nígbà tí mo ní kó kúnlẹ̀. Màmá ní, "Ọmọ wa ni, wo iwájú orí rẹ̀!" Wọn ò béèrè abúlé mọ́.

Ìràwọ̀ méjì ni mo kọ́kọ́ fún síìmù náà. Màmá ní kí n sọ ọ́ di mẹ́rin nítorí ọmọ yẹn. Mẹ́rin nínú márùn-ún, ó tán.