NCVO àti Àwọn Ẹgbẹ́ Ìrànlọ́wọ́ Àdúgbò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Láti ọdún 1919 ni NCVO (National Council for Voluntary Organisations) ti ń kó àwọn àjọ aláàánú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ. Ó ní ìgbìmọ̀ àti ìwé òfin, àjọ tó bá sì fẹ́ wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ àdúgbò tó hù lóṣù kẹta ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, kò béèrè irú rẹ̀: ẹni tó ti ìwé pélébé tó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí gba abẹ́ ilẹ̀kùn aládùúgbò ti wọlé nìyẹn, orí WhatsApp ni wọ́n sì ti ń pín ẹni tí yóò ra oògùn fún àgbàlagbà. Ní tèmi, ìyára yìí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àmọ́ bó bá di ká bá ìjọba jókòó lórí òfin, ta ni yóò fọwọ́ síwèé lórúkọ òpópónà kan?