Ẹ̀yin tí ẹ ń fi igi gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì dúró l'Abẹ́òkúta, mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń ta ṣọ́ọ̀kì ẹ̀ tó dáa

Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí tí wọ́n ti bá mi pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì bọ́nẹ́ẹ̀tì Lexus RX 330 mi, mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró ni kí n tó kọ nǹkan kan torí mi ò fẹ́ yin ọjà tó máa dójú tì mí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mọ́tò yẹn, 2005 ni, òun ni mo fi ń kó àdìrẹ láti Ìtòkú, ojoojúmọ́ ló ń jáde, ojoojúmọ́ náà ni mo sì ń ṣí i wo omi àti ọ́ìlì. Ẹni tó ń lo Corolla lè má mọ nǹkan tí mò ń sọ, torí irin gbọọrọ kan ni tiwọn, wọ́n á kàn fà á sókè wọ́n á fi ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó parí. Tèmi ò nírin kankan o, ṣọ́ọ̀kì méjì ló ń gbé e, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì, táwọn yẹn bá ti kú, ẹ yáa wá igi.

Mo fi igi mọ́ọ̀pù gbé e tó ọdún kan. Lọ́jọ́ kan àbúrò ọkọ mi ń bá mi bu omi sí rédíétọ̀, igi yọ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì já lé e léjìká, ọpẹ́ ni pé kì í ṣe orí, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ò fi lè gbé apá yẹn sókè. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn torí mo ti mọ̀ tipẹ́ pé ó ti bàjẹ́, mo kàn ń sún un síwájú ni.

Ẹnì kan ti kọ́kọ́ ta tòkúnbọ̀ fún mi, ₦9,000 méjèèjì, ó ní tòkúnbọ̀ dáa ju tuntun ṣáínà lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn lè jẹ́ òótọ́ fún páàtì míì, mi ò bá yín jiyàn, àmọ́ fún ṣọ́ọ̀kì bọ́nẹ́ẹ̀tì, rárá. Ọ̀sán gangan ni wọ́n bá mi dè é, ó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì dáadáa, mo sanwó mo lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ọyẹ́ ń fẹ́, mo ṣí i báyìí ló bá rọra ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ bí ẹni tó ń tòògbé.

Ọ̀gá tí mo wá lọ bá lẹ́yìn náà ló là mí lọ́yẹ̀. Gáàsì náítírójìn ni wọ́n kì mọ́ inú ṣọ́ọ̀kì náà pẹ̀lú ọ́ìlì díẹ̀, róbà síìlì ẹnu ẹ̀ ni kì í jẹ́ kó jáde, ooru ẹ́ńjìnì á máa jẹ síìlì yẹn díẹ̀díẹ̀ títí gáàsì á fi máa jò. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ẹ̀, tí ooru bá mú un agbára ẹ̀ á lọ sókè, tí òtútù bá mú un á wálẹ̀, ìdí nìyẹn tí èyí tó ti ń kú lọ fi máa ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án tí kì í ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Tòkúnbọ̀ sì rèé, ó ti jẹ ooru fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó bá sọ pé òun á gé e, òun á sì jó o padà, ẹ sá fún un ẹ jọ̀ọ́, ó lè bú gbàmù mọ́ọ̀yàn lójú.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá yìí kéré, ọ̀nà tó ti Láfẹ́nwá lọ sí Ìta Ọ̀ṣìn ló wà. Nǹkan àkọ́kọ́ tó sọ fún mi ni pé, "Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n rí ti tẹ́lẹ̀ ná." Ó fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó ní kí n wo nọ́ńbà tó ní N lẹ́yìn lára ẹ̀, pé agbára tó fi ń gbé nǹkan nìyẹn, tó bá kéré jù kò ní gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó bá pọ̀ jù ó lè tẹ̀ ẹ́, kó sì nira láti pa dé. Èyí tó kọ́kọ́ gbé wá, gígùn ẹ̀ bára mu, N ẹ̀ ò bára mu, mo ti ń mówó jáde nínú báàgì o, òun fúnra ẹ̀ ló dá a padà tó lọ wá òmíì. Ibẹ̀ ló ti gba ọkàn mi.

Mo ní kó ta ẹyọ kan fún mi torí owó, ó kọ̀, ó ní tuntun nìkan ló máa ru gbogbo ẹrù, bọ́nẹ́ẹ̀tì á sì máa wọ́ sápá kan. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kan gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì dání, òun fi sìkúrúdíráfà pẹlẹbẹ gbé kílíìpù kékeré tó wà lórí ẹ̀ díẹ̀, ó fà á yọ, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó dè é kí ọ̀pá tín-ín-rín tó ń wọlé tó ń jáde lára ṣọ́ọ̀kì náà kọjú sílẹ̀ tí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá wà ní pípadé, kí ọ́ìlì inú ẹ̀ lè máa wà lórí síìlì. Ọmọ iṣẹ́ yẹn fẹ́ fi páláyà di ọ̀pá ọ̀hún mú, ó pariwo mọ́ ọn, torí ibi tó bá ti ha báyìí ló máa ya síìlì.

₦28,000 ni méjèèjì, kì í gbọ́ ẹ̀dínwó rárá, kò sì fún mi ní rìsíìtì àfìgbà tí mo béèrè. Ibi téèyàn máa páàkì sí ò sí, títì ni mo gbé mọ́tò sí tí àwọn ọlọ́kọ̀ sì ń bú mi. Ẹ tètè lọ láàárọ̀ kí sún kẹẹrẹ Láfẹ́nwá tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú ti tẹ́lẹ̀ dání tẹ́ ẹ bá ti tú u. Bọ́nẹ́ẹ̀tì mi dúró gbọnin láwọn àárọ̀ ọyẹ́ tó kù yẹn, ó ṣì ń dúró láàárọ̀ òjò tá a wà yìí. Ti bútù ẹ̀yìn náà ti ń wálẹ̀ báyìí, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mò ń gbé e lọ ní Sátidé.