Ọjọ́ Kan ní Mahabalipuram Pẹ̀lú Bàbá Tó Mọ Òkúta

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará Abẹ́òkúta tó ń lọ sí ìlú Chennai ní Íńdíà, ìtọ́jú ara ló ń gbé wọn lọ, wọn kì í sì í rí ju ilé ìwòsàn àti yàrá tí wọ́n dé sí lọ títí wọn yóò fi wọ bàálù padà sílé. Bí tiwa náà ì bá ti rí nìyẹn, bí kì í bá ṣe pé dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀díẹ̀, tí Bàbá sì bi mí pé ibo ni kí àwọn rìn sí, ṣé káàkiri yàrá ni. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gba ọkọ̀ lọ sí Mahabalipuram, ìlú ilé òrìṣà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù tó wà létí òkun Bengal, tí kò jìn ju nǹkan bí ọgọ́ta kìlómítà lọ sí gúúsù Chennai.

Àwọn ọba Pallava ló gbẹ́ ìlú náà sínú òkúta láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún keje àti ìkẹjọ. Orúkọ rẹ̀ kejì, Mamallapuram, wá láti inú oríkì ọba Narasimhavarman Kìíní, tí wọ́n ń pè ní Mamalla, ìyẹn ọ̀gá nínú ìjàkadì. Ní 1984, àjọ UNESCO kọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Bàbá ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí iṣẹ́ òkúta fífọ́ kí agbára wọn tó dínkù, nítorí náà, bí mo ti ń wo ère ni àwọn ń wo ojú ibi tí irin ti gé òkúta.

Àwòrán ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láàárín ìlú ni kí àlejò kọ́kọ́ lọ wò, nítorí pé a kì í sanwó kí a tó rí i, ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn kò sì ní gun ohunkóhun. Orí òkúta ràbàtà méjì ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, ó sì fẹ̀ ju mítà 25 lọ. Àwọn kan ní ìtàn Arjuna, akọni kan nínú ìtàn àtijọ́ àwọn Híńdù, tó ń fi ara rẹ̀ jìyà nítorí kí òrìṣà lè dá a lóhùn ni. Àwọn mìíràn ní ìtàn bí odò Gáńjì ṣe sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run ni, nítorí pé àwọn tó gbẹ́ ẹ sọ pàlàpálá tó wà láàárín òkúta méjèèjì di ojú odò, wọ́n sì gbẹ́ àwọn ẹ̀dá abìdíejò síbẹ̀. Erin wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dá wa dúró pẹ́ jù lọ ni ológbò kan tó nàró bí ẹni mímọ́ tó ń gbààwẹ̀, tí ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, tí àwọn eku sì kóra jọ síwájú rẹ̀ láìfura. Bàbá rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní àwọn mọ ilé ológbò náà ní Abẹ́òkúta.

Òkúta róbótó tí wọ́n ń pè ní bọ́tà Krishna, òrìṣà Híńdù kan, kò jìnnà síbẹ̀. Wọ́n ní ó tó tọ́ọ̀nù 250, ó sì jókòó sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ẹni tó fẹ́ yí wálẹ̀. Ẹni tó dàgbà lábẹ́ Olúmọ kò ní fi bẹ́ẹ̀ yanu sí i. A ya fọ́tò, a kọjá. Ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà wà lórí òkè, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni a ti wò ó nítorí orúnkún.

Ratha Márùn-ún, ìyẹn ilé òrìṣà márùn-ún tí wọ́n gbẹ́ láti ara òkúta, ni mo gbà pé ó tó ìrìn àjò náà fúnra rẹ̀. Wọ́n fi wọ́n jọ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gbé òrìṣà, wọ́n sì fi orúkọ àwọn ọmọ Pandu, ìyẹn Arjuna àti àwọn arákùnrin rẹ̀, àti Draupadi ìyàwó wọn pè wọ́n. Òkúta akọ tó fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ di ilé, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, wọn kò sì parí wọn. Bàbá jókòó sábẹ́ ibòòji, wọ́n na ọ̀pá sí ìsàlẹ̀ ọ̀kan tí irin kò tíì mú dán, wọ́n ní ẹni tó ń mọ ilé lè wó o tún mọ, ṣùgbọ́n èyí tí òòlù bá ṣì gé níhìn-ín ti lọ nìyẹn. Mo ronú sí i pé nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dé sábẹ́ Olúmọ ní 1830, ibi ààbò ni wọ́n wá, wọ́n sì fi òkúta sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá a. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ yanrìn, ọ̀pá sì ń rì sínú rẹ̀. Kí ẹ mú bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀ lọ.

Nígbà tí a lọ, rúpì 600 ni àlejò láti òkè òkun ń san, ọmọ Íńdíà sì ń san 40. Ìyàtọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n fi ń wọ Ratha àti Tẹ́ńpìlì Etíkun, èmi sì ti sọ tiwa nù kí a tó dé èkejì. A tún san òmíràn.

Narasimhavarman Kejì ló kọ́ Tẹ́ńpìlì Etíkun, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ. Èyí kò rí bí Ratha, òkúta gígé ni wọ́n tò léra. Ojúbọ òrìṣà Shiva méjì wà níbẹ̀, ère òrìṣà Vishnu sì sùn gbalaja láàárín wọn. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti jẹ ojú àwọn ère náà títí tí òmíràn kò fi ní imú mọ́, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi to òkúta, tí wọ́n sì gbin igi, láti dí òkun lọ́nà. Nígbà tí omi òkun ya lu ilẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2004, ó gbá yanrìn lọ, àwọn ère tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ sì yọjú. Ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú, ó rọrùn fún àgbàlagbà. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ lọ. Oòrùn ọ̀sán ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni.

Awakọ̀ wa, tí a ti bá dúnàá dúrà fún odindi ọjọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó ìdúró nígbà tí ó di ọ̀sán. Ẹ jẹ́ kó kọ iye owó náà sílẹ̀ kí ẹ tó gbéra.

Ní etí títì, àwọn tó ń gbẹ́ òkúta ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń tajà pẹ̀lú ohùn tí ẹni tó bá ti ra àdìrẹ ní Ìtòkú yóò dá mọ̀. Bàbá kò ra ère kankan. Wọ́n fi ọwọ́ júwe fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé kó jẹ́ kí àwọn di òòlù rẹ̀ mú, wọ́n gbé e sókè wò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dá a padà fún un, wọ́n ní ó fúyẹ́ ju ti àwọn lọ.