Mob Museum ní Las Vegas: ẹ má sáré kọjá níwájú ògiri Chicago

Bí ẹ bá ń lọ sí Las Vegas, tí ẹ kò sì fẹ́ fi gbogbo owó yín ta tẹ́tẹ́, ẹ yà sí Mob Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń sọ ìtàn àwọn jàǹdùkú Amẹ́ríkà. Stewart Avenue ló wà, ní àárín ìlú àtijọ́, kò sí lára àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńláńlá tó wà lójú ọ̀nà Strip. Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2012 ni wọ́n ṣí i. Ọjọ́ yẹn gan-an, ní 1929, ni wọ́n pa ọkùnrin méje sínú gáréèjì kan ní Chicago. Ìtàn ìpakúpa yẹn ló gbé mi lọ síbẹ̀, pàápàá nítorí Calvin Goddard, olùwádìí aládàáni tí ìjà àwọn jàǹdùkú fà wọ inú ọ̀ràn tí kò kàn án tẹ́lẹ̀.

Ilé náà fúnra rẹ̀ tó wò. Ní 1933 ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ ọ fún ilé ìfìwéránṣẹ́ àti kóòtù. Kóòtù ọ̀hún ṣì wà lókè. Ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ Sẹ́nétọ̀ Kefauver jókòó sí ní oṣù Kọkànlá 1950 láti bi àwọn ènìyàn léèrè nípa owó tẹ́tẹ́ àti àwọn jàǹdùkú tó ń jẹ ẹ́. Mo jókòó síbẹ̀ wo fídíò ìgbẹ́jọ́ náà, ó sì wọ̀ mí lára pé inú yàrá yìí kan náà ni wọ́n ti dáhùn ìbéèrè. Ẹ ó gun ẹ̀rọ agbéniròkè lọ sí àjà tó ga jù, lẹ́yìn náà ẹ ó máa wò ó bọ̀ wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ògiri gáréèjì tí wọ́n pa àwọn méje yẹn sí ni kí n sọ. Láti lóye rẹ̀, ẹ ní láti mọ ìjà tó bí i. Òfin tó ka ọtí léèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1920. Ọtí kò tán nílùú, àwọn jàǹdùkú ló kàn wá di ẹni tó ń tà á. Ní Chicago, Johnny Torrio àti Al Capone ló ni gúúsù ìlú, Dean O'Banion ló ni àríwá. Ní oṣù Kọkànlá 1924, wọ́n yìnbọn pa O'Banion nínú ṣọ́ọ̀bù òdòdó rẹ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ yìnbọn lu Torrio. Kò kú, ṣùgbọ́n ó kó gbogbo rẹ̀ lé Capone lọ́wọ́, ó sì fi ìlú sílẹ̀. Ní 1926 wọ́n pa Hymie Weiss, ẹni tó jogún O'Banion, ní tòsí ṣọ́ọ̀bù òdòdó yẹn kan náà. Bugs Moran ló wá di olórí àwọn ará àríwá níkẹyìn.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ 14 oṣù Kejì 1929, ọkùnrin mẹ́rin wọ gáréèjì Moran ní North Clark Street. Méjì nínú wọn wọ aṣọ ọlọ́pàá. Àwọn tó wà nínú gáréèjì rò pé wọ́n wá mú àwọn ni, wọ́n kọjú sí ògiri. Bí ìbọn Thompson ṣe rọ̀jò ọta lé wọn lẹ́yìn nìyẹn. Mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ ṣe wà nínú àwọn tó kú, oníṣègùn ojú kan tó kàn ń bá wọn rìn náà wà níbẹ̀. Moran fúnra rẹ̀ kò tíì dé. Capone wà ní Florida.

Wọ́n wó ilé yẹn ní 1967. Oníṣòwò ará Kánádà kan ra bíríkì ògiri náà, ó kó o lọ sílé. Bíríkì wọ̀nyẹn, tí ó lé ní 300, ni wọ́n tún tò jọ sí Mob Museum. Àwọn kan ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ènìyàn kú sí ara ohun tí à ń wò yìí, kì í ṣe àwòṣe.

Aṣọ ọlọ́pàá méjì yẹn ló gbé Goddard dé Chicago. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ń gba rìbá lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọtí, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọlọ́pàá gidi ló pa wọ́n. Bí ọlọ́pàá bá wádìí ara rẹ̀, tó ní ọwọ́ òun mọ́, ta ni yóò gbà? Herman Bundesen, kòrónà tó ń wádìí ikú náà, ránṣẹ́ pe ẹni tó wá láti ìta. Dókítà ni Goddard, ó ti ṣe iṣẹ́ ológun, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá ilé iṣẹ́ ìwádìí ìbọn tiwọn sílẹ̀ ní New York ní 1925. Àwọn ọlọ́rọ̀ tó wà nínú ìgbìmọ̀ kòrónà ló fi owó ara wọn gbọ́ bùkátà iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ rẹ̀ rèé. Inú ọ̀pá ìbọn kọ̀ọ̀kan ní àpá wínníwínní tirẹ̀, ọta tó bá gba ibẹ̀ kọjá á gbé àpá yẹn jáde lára, bí ilà ojú ṣe ń fi ìdílé ẹni hàn láyé àtijọ́. Goddard máa ń gbé ọta méjì sábẹ́ máíkírósíkóòpù tó ń fi wọ́n hàn pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á wá wò ó bóyá ìlà wọn bára mu. Kòròfo ọta 70 ni wọ́n ṣà nílẹ̀ gáréèjì. Ó rí i pé ìbọn Thompson méjì ló yọ wọ́n. Ó yin àwọn Thompson ọlọ́pàá wò, kò sí èyí tó bá a mu. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fred Burke pa ọlọ́pàá kan ní St. Joseph, ní Michigan. Wọ́n tú ilé rẹ̀, wọ́n bá Thompson méjì. Goddard yẹ̀ wọ́n wò: àwọn ni wọ́n lò ní gáréèjì. Ọ̀kan nínú wọn náà ni wọ́n fi pa Frankie Yale, ọ̀gá jàǹdùkú kan, ní Brooklyn ní 1928.

Kò sí ẹni tí kóòtù dá lẹ́bi fún ikú àwọn méje náà. Burke lọ sẹ́wọ̀n nítorí ọlọ́pàá tó pa, ibẹ̀ ló kú sí ní 1940. Ó dùn mí. Síbẹ̀ mo bọ̀wọ̀ fún Goddard gidigidi, nítorí pé bí ìbọn ọlọ́pàá bá ti bá àpá yẹn mu, ohun tí ì bá sọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ lọ, tó ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá rí n'Íbàdàn, dúró níwájú ògiri náà pẹ́, ó wá bi mí pé, "Àbúrò, ta ló ń bá wa yẹ ìbọn ọlọ́pàá wò nílé?" N kò rí èsì fún un.

Nísàlẹ̀, ẹ yà sí Crime Lab. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi bí wọ́n ṣe ń lo ìka ọwọ́, DNA àti ọta ìbọn wádìí ọ̀ràn han àlejò. Èmi gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ lọ ní kété tí ẹ bá kúrò níbi ògiri, kí ọ̀rọ̀ Goddard tó tutù lọ́kàn yín. Ẹ kà nípa rẹ̀ kí ẹ tó lọ pẹ̀lú. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á rí ju bíríkì lọ.

Ìtàn bí àwọn jàǹdùkú ṣe ń jí owó kó nínú kàsínò Las Vegas náà wà níbẹ̀, ó dára. Ilé ọtí tún wà lábẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ṣe bíi ti ayé òfin ọtí. A kò pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ fi bíi wákàtí mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ sì wọ bàtà tí kò ní dun ẹsẹ̀ yín. Ẹ tètè lọ láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀. Àwọn fọ́tò òkú wà níbẹ̀ tí wọn kò bò, nítorí náà èmi kò ní mú ọmọ kékeré lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sókè, tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀, ẹ mú un dání.