Dom Pérignon 2008 tí a ṣí ní Òṣogbo: àgbéyẹ̀wò ṣáńpéènì tó gbó

Dom Pérignon 2008 dára gan-an, ó sì tó owó tí wọ́n ń pè é, bí ìgò tí ẹ fẹ́ rà bá ti ń gbé ibi tó tutù láti ọjọ́ tó ti kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Bí kò bá ti gbé ibi tó tutù, ẹ má ná owó yín sí i. Ọ̀rọ̀ mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àlàyé rẹ̀ ló gùn. Mo kíyè sí i pé àwa tí a fẹ́ràn ọtí yìí níbí, orúkọ rẹ̀ la mọ̀ ju adùn rẹ̀ lọ. Níbi ìnáwó, wọ́n á gbé e wọlé pẹ̀lú iná tó ń tàn yinrinyinrin lára ìgò, wọ́n á mì ín jìgìjìgì, wọ́n á ṣí i pẹ̀lú ariwo, ìdajì rẹ̀ á dà sórí aṣọ èèyàn, èyí tó kù á bọ́ sínú ife tó ti kún fún áìsì. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn. Ọtí tó lé ní ọdún 8 nínú òkùnkùn kí wọ́n tó gbé e síta!

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní London ló rà á ní 2019, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Kò gbé e sílé. Ilé ìpamọ́ wáìnì kan wà níbẹ̀ tí èèyàn ń san owó fún lọ́dọọdún, ibẹ̀ ló fi í sí, níbi tí kò sí ìmọ́lẹ̀, tí ooru kì í sì í kọjá nǹkan bí 12°C. Nígbà tó ń bọ̀ wálé fún ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, ó wé e mọ́ àárín aṣọ òtútù nínú ẹrù rẹ̀. Bó ṣe dé ilé rẹ̀ ní Òkè-Fìà, ìdí fíríìjì ló kọ́kọ́ lọ kó tó jókòó gba ìkíni. Ínfátà ló ń gbé fíríìjì náà nígbà tí iná bá lọ, nítorí náà òtútù kò já rárá. A jẹ́ kí ìgò náà sinmi níbẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí gbogbo ohun tí ọkọ̀ òfuurufú àti títì Gbọ̀ngán ti gbọ̀n pọ̀ nínú rẹ̀ lè rọlẹ̀.

Àwa tí a jókòó tì í ni ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó rẹ̀ tí mo ń pè ní Àǹtí, èmi, àti Bàbá Tíṣà, aládùúgbò wọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Bàbá pẹ̀lú gbé ìgò tiwọn wá. Wọ́n fún wọn nígbà tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì wọn, láti ìgbà náà ló sì ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀ wọn. Ọdún wà lára òun náà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí 2008. N kò ní í dárúkọ àwọn tó ṣe é, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kì í ṣe ẹ̀bi wọn.

Bàbá gbé ìgò ẹ̀gbọ́n mi sójú, wọ́n ní: “Kí ni 2008 yìí ń sọ? Ṣé ọdún tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ni?”

“Rárá, sà,” ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. “Ọdún tí wọ́n kórè àjàrà inú rẹ̀ ni.”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ọ̀pọ̀ ṣáńpéènì tí à ń rí lórí igbá, àdàlù ọdún oríṣiríṣi ni: wọ́n á mú wáìnì ọdún yìí, wọ́n á fi ti àwọn ọdún tó ti kọjá tún un ṣe, kí adùn má baà yí padà. Èyí tí ọdún bá wà lára rẹ̀, èso ọdún kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ọdún tí ojú ọjọ́ bá ṣe dáadáa ni wọ́n sì máa ń ṣe é. Ní ti Dom Pérignon, wọn kì í ṣe àdàlù ọdún rárá. Bí ọdún kò bá dára, kò sí Dom Pérignon ọdún náà. Ìkórè 1921 ni àkọ́kọ́, ó sì di 1936 kó tó dé ọjà. Oríṣi àjàrà méjì péré ló ń lọ sínú rẹ̀, Chardonnay tó jẹ́ funfun àti Pinot Noir tó dúdú léèpo, láti àgbègbè Champagne ní ìlà-oòrùn àríwá ilẹ̀ Faransé, níbi tí ẹfun ti pọ̀ nínú ilẹ̀.

Ọdún 2008 tutù níbẹ̀, ìkùukùu sì bo ojú ọ̀run fún ìgbà pípẹ́ kí oòrùn tó yọ sí i nígbà tí ìkórè ń sún mọ́lé. Àjàrà rẹ̀ gbó, síbẹ̀ kíkan rẹ̀ kò lọ. Kíkan yẹn ni egungun ọtí tí yóò pẹ́. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe ohun tí wọn kì í sábà ṣe: wọ́n gbé 2009 jáde ṣáájú, ní 2017, torí ọdún olóoru nìyẹn, ó sì tètè rọ̀, 2008 dúró sẹ́yìn kó tún gbó sí i. Iṣẹ́ ọwọ́ Richard Geoffroy ni, ẹni tó ti ń bójú tó ọtí náà láti 1990, ó sì fi ipò sílẹ̀ fún Vincent Chaperon bí 2018 ṣe ń parí. Orúkọ àwọn méjèèjì wà lára àkànṣe ìgò kan tí wọ́n fi ṣe àmì ìfipòsílẹ̀ náà.

Bàbá Tíṣà kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ọlọ́pẹ ni àwọn, àwọn sì mọ̀ pé ẹmu àárọ̀ ló dùn, bí ó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Báwo ni ti ọtí yìí ṣe wá yàtọ̀? Ìbéèrè gidi ni. Ìwúkàrà ló ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹmu ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ àti fún gbogbo kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ ọtí di kíkan. Wọ́n ti kọ́kọ́ pọn ṣáńpéènì bíi wáìnì lásán, kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò pẹ̀lú ṣúgà àti ìwúkàrà tuntun, wọ́n á wá dé e pa. Ìwúkàrà á jẹ ṣúgà náà tán, afẹ́fẹ́ tó ń ti ara rẹ̀ jáde kò ní ríbi gbà, títí agbára rẹ̀ á fi tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Nígbà tí oúnjẹ bá tán, ìwúkàrà á kú, á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò. Òkú ìwúkàrà yẹn ló ń tú adùn rẹ̀ sínú ọtí díẹ̀díẹ̀, òun náà ló sì ń dènà kí afẹ́fẹ́ ba ọtí náà jẹ́. Òfin ibẹ̀ ní kí ṣáńpéènì ọlọ́dún kan ṣoṣo má jáde kó tó pé ọdún 3 nínú ìgò. Oṣù 15 ni ti àdàlù. Nígbà tí ó bá tó àkókò, wọ́n á darí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sọ́rùn ìgò, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, wọ́n á wá fi kọ́ọ̀kì dí i.

Ó wá kan ṣíṣí. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e kúrò nínú fíríìjì, ó jẹ́ kó dúró lórí tábìlì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Bí ọtí tó gbó bá tutù jù, òórùn rẹ̀ á sá pamọ́. Nǹkan bíi 10 sí 12°C ló wù ú. Ó fi aṣọ bo orí rẹ̀, ó di kọ́ọ̀kì mú ṣinṣin, ó wá ń yí ìdí ìgò náà díẹ̀díẹ̀. Kò dún ju èémí lọ. Ife wáìnì tó láyà la lò, a kò lo èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, torí èyí tó láyà ló ń jẹ́ kí imú rí iṣẹ́ ṣe.

Àwọ̀ rẹ̀ ti ń wọ wúrà, síbẹ̀ ó mọ́ gaara. Ìfófò rẹ̀ kéré lójú, ó ń gòkè lẹ́sẹẹsẹ láìyára. Òórùn àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ni ti èéfín fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan kọfí nítòsí. Àǹtí ní ọsàn wẹ́wẹ́ ni òun ń gbọ́, èèpo rẹ̀ gan-an, tí èèyàn bá fi èékánná ha á. Mo tún gbé e símú, òótọ́ ni. Nígbà tó dúró díẹ̀ sí i nínú ife, kajú yíyan jáde, oyin tẹ̀ lé e, oyin díẹ̀ péré. Bàbá Tíṣà tí kò tíì sọ nǹkan kan gbójú sókè: “Ta ló ń yan búrẹ́dì ládùúgbò yìí?” Kò sẹ́ni tó ń yan búrẹ́dì. Inú ife wọn ló ti ń wá.

Lẹ́nu, kíkan rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jíni, ó mú, ó sì tọ́. Lẹ́yìn náà ni ọtí náà á wá gbilẹ̀ lórí ahọ́n, á rọ̀, ìfófò rẹ̀ kò sì ní ta ẹnu bíi ti mínírà. Adùn tó gbẹ̀yìn jọ iyọ̀ àti ẹfun. Mo ti gbé e mì tipẹ́, mo ṣì ń tọ́ ọ wò. N kò tíì mu ọtí tó pẹ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ rí.

Oúnjẹ tó bá a lọ yà wá lẹ́nu. Wàrà díndín tí a kò fi ata sí ni olórí: ọ̀rá inú rẹ̀ àti iyọ̀ tí Àǹtí wọ́n sí i lára mú kí kíkan ọtí náà di dídùn. Àkàrà náà dára, bí ata rẹ̀ kò bá pọ̀. Ẹ yẹra fún súyà. Yají pa gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan náà, ó di omi tútù lásán lẹ́nu.

Ìgò Bàbá la ṣí tẹ̀ lé e. Kọ́ọ̀kì rẹ̀ ti sún kì, ó jáde láìsí agbára kankan. Àwọ̀ ọtí náà dà bíi ti tíì tí kò ní mílíìkì, ìfófò rẹ̀ kò tó nǹkan, òórùn rẹ̀ sì jẹ́ ti èso tó ti jẹrà, tí ọtí kíkan dà mọ́. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n gbé ife sílẹ̀. “Mo sì mọ̀ pé ọtí tó dáa ni wọ́n fún mi.” Ẹ̀gbọ́n mi dá wọn lóhùn pé ọtí tó dáa ni lóòótọ́, ooru ló pa á.

Ọ̀sán oṣù kejì àti ìkẹta nílùú yìí ń kọjá 30°C dáadáa, pálọ̀ wa kò sì fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ìta lọ. Ooru ń sáré gbó ọtí ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń mú kí ó pọ́n kó tó ṣe tán. Ìmọ́lẹ̀ náà ń bà á jẹ́, torí ó ń bí òórùn burúkú nínú rẹ̀, pàápàá bí ara ìgò kò bá dúdú. Inú ilé tí wọ́n gbẹ́ sínú ẹfun lábẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí lọ́hùn-ún, òtútù ibẹ̀ kì í yí padà tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Ní 2010, àwọn òmùwẹ̀ rí ọkọ̀ kan tó ti rì nítòsí àwọn erékùṣù Åland nínú Òkun Baltic. Ìgò ṣáńpéènì 168 ni wọ́n kó jáde, ó sì ti tó nǹkan bí ọdún 170 tí wọ́n ti wà nísàlẹ̀ omi tó tutù bíi fíríìjì, tó sì ṣókùnkùn. Àwọn tó tọ́ díẹ̀ wò nínú wọn sọ pé òórùn rẹ̀ kọ́kọ́ burú, ṣùgbọ́n nígbà tí afẹ́fẹ́ kàn án, òórùn èéfín, awọ àti òdòdó jáde. Ọdún 170! Èyí tó wà ní kọ́bọ́ọ̀dù kò sì lè la ọdún díẹ̀ já.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024, ìgò kan sì ń jẹ ọ̀pọ̀ oṣù nínú irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá máa ná a gbọ́dọ̀ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ìgbà wo ló dé? Ṣé ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ lóru nígbà tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù? Bí ìgò bá wà lójú fèrèsé, tàbí tí nǹkan ń lẹ̀ lára ọrùn rẹ̀, tàbí tí ọtí inú rẹ̀ ti fà sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Ẹ má sì san àfikún nítorí iná tó ń tàn lára ìgò, ọtí kan náà ló wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ti gbó ju báyìí lọ, tí kò sì ní ibi tútù, ìmọ̀ràn mi ni kó ra èyí tí àwọn tó ṣe é ti gbó fúnra wọn. Dom Pérignon ń ṣe Plénitude 2, tó máa ń tó nǹkan bí ọdún 15 lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀; Bollinger náà ní R.D., tí wọ́n máa ń yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jáde. Ó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí tí ẹ ń rà níbẹ̀ dájú. Ìgò tí ẹ bá sì ti ní nílé báyìí, ẹ gbé e kúrò ní pálọ̀, ẹ tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ fíríìjì, ẹ mu ún láìpẹ́. Ẹ má gbé e sí fírísà, ó lè bẹ́.

Mo fún 2008 yìí ní 9 nínú 10. Ohun tó jẹ́ kí n yọ ẹyọ kan ni pé kò tíì gbó tán. Kíkan rẹ̀ ṣì lágbára, oyin àti kajú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni. Ìgò kan ṣì kù fún ẹ̀gbọ́n mi nílé ìpamọ́ yẹn, a sì ti bá a ṣàdéhùn pé kó má gbé e wá kí ó tó di 2028, Bàbá Tíṣà sì ti ní wàrà ọjọ́ náà di ọwọ́ àwọn.