Kíláàsì CPR tí mo lọ l'Óṣogbo: wọ́n mọṣẹ́, àmọ́ ti ọmọ jòjòló ò tó

Sátidé tó kọjá ni mo lọ kọ́ CPR, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn ẹ̀ dúró, tí wọ́n sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, níbì kan lọ́nà Ògo-Olúwa, mi ò ní dárúkọ wọn torí mo ní ẹjọ́ tí mo máa rò nísàlẹ̀. 7,500 náírà ni mo san. Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń bá wọn tọ́jú ní Òkè-Fíà, 11 ló wà lọ́wọ́ mi, lọ́jọ́ kan ni ọmọ oṣù 10 ki ẹ̀pà bọnu ó há a lọ́fun, ojú ẹ̀ ń yí, ni ìyá àgbà ilé kejì bá sáré wọlé, wọ́n gbá ọmọ lẹ́sẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n dorí ẹ̀ kodò wọ́n ń gbọ̀n ọ́n, Ọlọ́run ló bá mi ṣe é tí ẹ̀pà yẹn jáde. Èmi tí wọ́n gbé ọmọ fún, mo kàn dúró tí mò ń pariwo ni. Mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nọ́ọ̀sì tó kọ́ wa mọ iṣẹ́ ẹ̀ dójú àmì. Tẹ́ ẹ bá tẹ àyà bèbí ńlá tí wọ́n fi ń kọ́ wa dé ìwọ̀n, á dún "kà", tí ò bá dún ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan. Ìgbà tó kàn mí mo rọra ń tẹ̀ ẹ́, ó ń ṣe mí bíi pé eegun ẹ̀ máa ṣẹ́, ni wọ́n bá ní "Mọ́mì, ẹ má ṣàánú ẹ̀, ọkàn ẹ̀ ti dúró, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé!" Sẹ̀ntímítà 5 ni ti àgbàlagbà, kó má ju 6 lọ, orí ilẹ̀ líle o, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì. Ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan láàárín àyà, ọwọ́ kejì lórí ẹ̀, ìgbúnwọ́ ò gbọdọ̀ tẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ti tẹ̀ ẹ́ ẹ jẹ́ kí àyà padà sókè dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ òmíì, torí ìgbà yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ń padà wọnú ọkàn.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ti kíkà. 30 lẹ máa tẹ̀ kẹ́ ẹ tó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, kó sì máa lọ ní 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Gbogbo wa ń kà á ní Yorùbá, tá a bá ti kọjá mẹ́wàá, ká tó pe "mẹ́rìndínlógún" tán ọwọ́ ti fà sẹ́yìn. Ni wọ́n bá ní ká máa ka ení dé ẹ̀wá lẹ́ẹ̀mẹta, ení èjì ẹ̀ta ẹ̀rin àrún, bá a ṣe ń kà á ní kékeré, sẹ́kọ́ńdì 5 sí 6 ni kí ení dé ẹ̀wá kan gbà. Mi ò lè gbàgbé ìyẹn láéláé.

Wọ́n tún ní ẹni tó ń mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń hanrun, ìyẹn kì í ṣe mímí, ẹ má wò ó ju sẹ́kọ́ńdì 10 lọ, kí ẹnì kan pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀. Kò sí omi tútù lójú, kò sí ṣíbí láàárín eyín.

Ẹjọ́ mi wá rèé. A tó 16 níbẹ̀, ó ju ìdajì wa lọ tó jẹ́ torí ọmọ la ṣe wá, bèbí ti àgbà 2, ti ọmọ jòjòló 1 péré! Aago 9 ni wọ́n pè wá, 10 kọjá ká tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó fi máa kan ti ọmọdé ó ku ìṣẹ́jú 25. Ohun tí wọ́n sọ péye o: ti ọmọdé, ọwọ́ kan lè tó, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ ìdá kan nínú mẹ́ta àyà ẹ̀. Èyí tí ò tíì pé ọdún kan, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbá a láyà mú, àtàǹpàkò méjèèjì ló máa tẹ̀ ẹ́, nísàlẹ̀ orí ọmú díẹ̀, bíi sẹ̀ntímítà 4, ẹ má ti orí ẹ̀ sẹ́yìn bíi ti àgbà, ẹ fi ẹnu bo ẹnu àti imú ẹ̀ pọ̀, atẹ́gùn tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ yín ti tó. Ti àgbà, ọkàn ló sábà ń kọ́kọ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, tọmọdé èémí ni, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọdọ̀ fo fífẹ́ atẹ́gùn yẹn. Ti ẹ̀pà náà mo béèrè: ẹ dà á dojúbolẹ̀ sórí apá yín kí orí rẹlẹ̀ ju ìdí lọ, ẹ gbá a lẹ́yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ yí i padà, ẹ tẹ̀ ẹ́ láyà lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu tẹ́ ẹ ò bá rí nǹkan ọ̀hún.

Àmọ́ ká gbọ́ ọ yàtọ̀ sí kí ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ni mo fi rí bèbí kékeré yẹn lò, ẹni tó wà lẹ́yìn mi ti nawọ́. Ìyàwó kan tó lóyún oṣù mẹ́jọ, kò tiẹ̀ kàn án rárá, ó dùn mí débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi.

Nínú 5, mo fún wọn ní 4 lórí ti àgbà, 2 lórí ti ọmọ jòjòló. Mo ti bá wọn sọ ọ́, mo sì máa padà lọ pẹ̀lú àwọn méjì tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Tẹ́yin náà bá fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè bèbí kékeré mélòó ni wọ́n ní kẹ́ ẹ tó sanwó.