Mo ra ìbòjú catcher bí ẹni ń ra búgúlárì

Irin ni mo mọ̀, n kò mọ baseball. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, géètì àti búgúlárì ojú fèrèsé la sì ń ṣe jù níbẹ̀. Ní Houston tí mo wà báyìí náà, iná wẹ́dà ni mo fi ń gbọ́ bùkátà. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ọmọ mi ọkùnrin wọlé tó ní, "Dàádì, kóòṣì ti fi mí ṣe catcher, ẹ máa bá mi ra ìbòjú o," ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ṣebí irin ni wọ́n ní kí n rà. Ta ni yóò wá fi irin rẹ́ mi jẹ?

Èmi ni mo rẹ́ ara mi jẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná, kí n tó dé orí ìbòjú kejì tí mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Ẹni tí kò bá wo eré náà rí, catcher ni ẹni tó máa ń lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó mú igi dání. Bí igi kò bá ba bọ́ọ̀lù, òun ni yóò mú un. Bọ́ọ̀lù náà kì í ṣe irú èyí tí a ń fẹsẹ̀ gbá, tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Òwú ni wọ́n wé mọ́ kóró inú rẹ̀ títí tó fi le koko, kí wọ́n tó fi awọ bò ó. Gíráàmù 142 sí 149 ló wọ̀n. Ní Little League, ìyẹn baseball àwọn ọmọdé, tí ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 46 péré ni ẹni tó ń jù ú fi jìnnà sí ẹni tó fẹ́ gbá a. Bọ́ọ̀lù tó bá wá tààrà kò níṣòro, ìbọ̀wọ́ ńlá ọwọ́ catcher yóò gbà á. Èyí tó burú ni èyí tó fẹnu ba igi fìrí, tó yà bíńtín, tí ìbọ̀wọ́ kò sì bá mọ́. Kó o tó ṣẹ́jú, ó ti dé ojú rẹ.

Ìbòjú àkọ́kọ́ tí mo rà, oríṣi àtijọ́ ni: àṣíborí lọ́tọ̀, irin ojú lọ́tọ̀, bẹ́líìtì ló so wọ́n pọ̀. Dọ́là 45. Nínú ṣọ́ọ̀bù, n kò tiẹ̀ gbé e kan orí ọmọ. Mo fi èékánná kan irin rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo yẹ gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti jó o wò bóyá ihò wà níbẹ̀, mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, kò mì. Irin tó nípọn, ojú jíjó tó dán. Fóòmù ẹ̀yìn rẹ̀ tín-ín-rín bí àtẹ́lẹ̀ sálúbàtà, n kò bìkítà. Ìyàwó mi ló ní, "Dàádì, ṣé búgúlárì lẹ fẹ́ fi dí ọmọ yìí lójú ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo sanwó.

Kò lò ó ju nǹkan bí oṣù méjì lọ. Lọ́sàn-án Sátidé kan, bọ́ọ̀lù fẹnu ba igi, ó sì bá a láàárín ojú gan-an. Gbàù! Láti orí bẹ́ǹṣì tí mo jókòó sí ni mo ti gbọ́ ọ. Ọmọ gbọn orí, ó tún lóṣòó, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́ fún un. Àfi ìgbà tó bi rẹfarí pé mélòó sí mélòó ni wọ́n wà, tí rẹfarí dá a lóhùn, tó tún bi í ní ìbéèrè kan náà kí ìṣẹ́jú tó pé. Kóòṣì kò jẹ́ kó ṣe ìkẹta, ó mú un jáde. Dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ ló mì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi dé pápá. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, ó ní ìmọ́lẹ̀ fóònù ń dun òun lójú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ọmọ ọdún mẹ́wàá nílé mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé ìbòjú sórí tábìlì, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n. Irin kankan kò tẹ̀. Bó bá jẹ́ búgúlárì ni, ǹ bá fi yangàn. Ibẹ̀ ni ojú tì mí. Bí irin kò bá tẹ̀ rárá, tí fóòmù kò sì sí lẹ́yìn rẹ̀, agbára bọ́ọ̀lù náà ṣáà ní láti ríbì kan gbà. Ògiri ló wà lẹ́yìn búgúlárì. Orí ọmọ mi ló wà lẹ́yìn èyí.

Látìgbà náà ni mo ti ń ka ohunkóhun tí mo bá rí nípa ìbòjú yìí. Ilé ẹ̀kọ́ Harvard ló ti bẹ̀rẹ̀, ní 1877. Fred Thayer, olórí ẹgbẹ́ wọn, wo ìbòjú àwọn tó ń fi idà ṣeré, ó ní kí wọ́n fi irin tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe irú rẹ̀, James Tyng tó jẹ́ catcher wọn ló sì kọ́kọ́ gbé e wọ pápá. Wọ́n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà pé wọ́n ń ṣojo. Ojú ni wọ́n ń dáàbò bò: kí imú má fọ́, kí eyín má ká. Ọ̀rọ̀ ọpọlọ pẹ́ kó tó délẹ̀. Mike Matheny, ọ̀kan nínú àwọn catcher tó mọṣẹ́ jù nígbà tirẹ̀, fi eré sílẹ̀ ní 2007 nítorí bọ́ọ̀lù tó ń bá a lórí ìbòjú léraléra. Ojú rẹ̀ kò fọ́ o. Inú orí rẹ̀ ló kọ̀.

Ìbòjú kejì wá nìyí, èyí tó ti lò fún ọdún méjì báyìí. Oríṣi ti họ́kì ni wọ́n ń pè é. Charlie O'Brien ti ẹgbẹ́ Toronto Blue Jays ló wo àwọn aṣọ́lé họ́kì orí yìnyín, tó rí i pé tiwọn ṣe odindi, tó bo gbogbo orí, tó sì kọ́kọ́ dé irú rẹ̀ nínú ìdíje ńlá ní 1996. Dọ́là 130 ni mo ra tiwa. N kò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é, torí ẹjọ́ díẹ̀ ń bọ̀ níwájú, irú rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà.

Àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo gbé bọ́ọ̀lù sórí rẹ̀, mo fi sílẹ̀. Ó yọ̀, ó já bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo gbé e síbòmíràn, ó tún yọ̀. Kò síbi pẹrẹsẹ kan lójú rẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ tẹ̀ bí ẹ̀yìn igbá, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ sẹ́yìn, irin ojú náà yọ síta ní àárín bí imú ọkọ̀ ojú omi. Bọ́ọ̀lù tó bá bá a, àfi kó bá a láàárín géérégé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò ta kúrò, yóò sì gbé èyí tó pọ̀ nínú agbára rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ọgbọ́n tí n kò rí nínú ti àkọ́kọ́ nìyẹn, bí mo ṣe ń fi èékánná kan irin kiri.

Ìkejì ni fóòmù. Oríṣi méjì ló wà nínú rẹ̀. Bó o bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, èyí tó kan ara kọ́kọ́ rì bí àkàrà, lẹ́yìn náà ni wàá kan èyí tó le, tó ń rì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ṣagídí. Èyí tó rọ̀ wà kó má baà dun ọmọ. Èyí tó le ló ń jẹ ìyà. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ tẹ ibi àgbọ̀n àti iwájú orí dáadáa. Bó bá jẹ́ ẹyọ fóòmù rírọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ gbé e padà sórí igbá.

Irin ojú rẹ̀ tín-ín-rín ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo sì jẹ́wọ́ pé ìyẹn kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ìbú bọ́ọ̀lù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ínǹṣì mẹ́ta, àyè ojú kò sì gbọdọ̀ súnmọ́ bẹ́ẹ̀, torí bọ́ọ̀lù tó ń sáré máa ń fún pọ̀ nígbà tó bá bá irin, ẹnu igi tó sì ń yí bọ̀ lẹ́yìn lè kan ojú catcher pẹ̀lú. Síbẹ̀ bí irin bá pọ̀ jù, ọmọ kò ní ríran. Àwọn tó ṣe tiwa fi irin gbọọrọ méjì sókè sísàlẹ̀ ojú, wọn kò fi èyí tó nàró sí àárín ibẹ̀ rárá. Ọ̀dà dúdú tí kò dán ni wọ́n fi kùn ún. Ọmọ mi ní lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, òun kì í rí irin náà mọ́. Mo dé e wò fúnra mi, òótọ́ ni.

Àbùkù rẹ̀ ńkọ́? Ooru ni àbùkù àkọ́kọ́. Ẹni tó bá mọ Houston nínú oṣù Keje mọ ohun tí mò ń wí. Ó bo etí, ó bo ìpàkọ́, òógùn ń ṣàn wọ ojú ọmọ bí omi ọ̀wààrà. Fóòmù náà ṣeé yọ fọ̀, àmọ́ lẹ́yìn fífọ̀ bíi mẹ́wàá, ohun tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ àṣíborí kò lẹ̀ dáadáa mọ́. Òórùn rẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí n má sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í gbọ́ kóòṣì dáadáa nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fura pé ìgbà mìíràn wà tó ń gbọ́.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, bí bọ́ọ̀lù bá lọ sókè gan-an, catcher ní láti bọ́ ìbòjú kó lè wo òkè. Èyí ti ìṣáájú kò lẹ̀ mọ́ orí, ẹ̀ẹ̀kan ló ń yọ ọ́. Ti họ́kì yìí di orí mú, ó sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ gbé e láti àgbọ̀n. Lóṣù àkọ́kọ́, ó yọ ọ́, ó jù ú síwájú ara rẹ̀, ó kọsẹ̀ lára rẹ̀, ó ṣubú yakata, bọ́ọ̀lù sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kóòṣì wá kọ́ ọ pé kó kọ́kọ́ mọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà, kó tó ju ìbòjú sí òdìkejì.

Ohun kan tún wà tí wọn kò fi kún un, tí mo ní láti rà lọ́tọ̀: ahọ́n rọ́bà tó ń rọ̀ sílẹ̀ níwájú ọ̀fun. Mo rò pé irin àgbọ̀n rẹ̀ tó gùn ti tó. Rẹfarí kò gbà, ó ní òfin Little League ni pé ó gbọ́dọ̀ rọ̀, bó ti wù kí ìbòjú náà gùn tó. Mo ráhùn, títí mo fi ka ìtàn Steve Yeager, catcher ẹgbẹ́ Dodgers. Ní 1976, ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ pápá, ó ń retí kí ó kàn án láti gbá. Igi ẹni tó wà níwájú rẹ̀ fọ́, èérún rẹ̀ sì gún un lọ́fun. Ẹni tó ń tọ́jú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn, Bill Buhler, ló ṣe ahọ́n yẹn fún un nígbà tó fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Àtìgbà náà ló ti wà. Dọ́là 12 ni tiwa.

Ẹjọ́ tí mo ní wá nìyí. Nígbà tó pé ọdún kan àti díẹ̀, mo rí i pé ojú jíjó kan ti là ní igun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó là tín-ín-rín bí irun. Ọwọ́ wẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ìṣẹ́jú méjì ni iṣẹ́ náà! Mo ti gbé e dé ṣọ́ọ̀bù mi kí n tó rántí àmì NOCSAE tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ló ń ṣòfin bí wọ́n ṣe ń dán àṣíborí eré ìdárayá wò ní Amẹ́ríkà: wọ́n ń gbé e wọ ère orí, wọ́n ń jù ú sílẹ̀ láti òkè, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ yin bọ́ọ̀lù lù ú. Bí wọ́n ṣe gbé e jáde ni wọ́n ṣe dán an wò. Bí èmi bá fi iná kàn án, irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo jó yóò yí padà, a kò sì ní mọ ohun tí yóò ṣe lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù bá bá a. Mo pa iná. Mo pe ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á pé kí wọ́n fi irin ojú tuntun ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko! Wọ́n kọ́kọ́ fi ti àgbàlagbà ránṣẹ́, ìho ìdè rẹ̀ kò bá tiwa mu. Ìbòjú kan tí kóòṣì yá wa ló fi parí sáà náà.

Bàbá ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní oríṣi oní-síprìǹgì, èyí tí Jason Klein tó ti ṣe rẹfarí rí gbé jáde. Síprìǹgì ló wà láàárín irin àti fóòmù, bí bọ́ọ̀lù bá bá a, irin yóò kọ́kọ́ sún sẹ́yìn. Mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ju ogún ìgbà lọ bí ọmọdé. Ọpọlọ ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó tóbi fún orí ọmọ mi nígbà náà ni kò jẹ́ ká rà á.

Nínú ọdún méjì yìí, bọ́ọ̀lù ti bá ti họ́kì yìí tó ìgbà mẹ́sàn-án tí mo fojú mi rí, kò sì sí èyí tó mú kí ọmọ bi rẹfarí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì nínú wọn. N kò sọ pé ó lè dènà gbogbo rẹ̀, dókítà wa ti kìlọ̀ fún mi pé kò sí ìbòjú tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bó o bá fẹ́ rà, mú ọmọ dání, fi téèpù wọn orí rẹ̀ yíká lókè ojú, jẹ́ kó dé e, kó lóṣòó, kó gbọn orí. Bó bá ní láti fọwọ́ tún un ṣe, ẹ wo òmíràn.

Ọmọ náà ti pé mẹ́tàlá báyìí, pápá àwọn àgbà, níbi tí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ti jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ínǹṣì 6, ló kù tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ, bẹ́líìtì ẹ̀yìn ìbòjú sì ti dé ìparí rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jọ wọ ṣọ́ọ̀bù. Kí n tó na ọwọ́, ó ti gbé ọ̀kan, ó ti ń fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù àgbọ̀n rẹ̀. Àwọ̀ nìkan ló dá ìjà sílẹ̀. Pupa tó ń dán ni irin ojú èyí tó gbé, èmi sì ní dúdú ni.